Ìṣúra Tí Kòkòrò Kò Lè Jẹ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń wa katakátá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òdò-Ọwá ni, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Bàbá Ìjọ ní ilé-ìjọsìn Áńgílíkà ìlú wọn. PWD, iléeṣẹ́ ìjọba amúnisìn tí ń la ọ̀nà tí ó sì ń kọ́ afárá, ni ó gbà á síṣẹ́. Ìtàn tí àwọn tí ó tọ́ mi dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ń sọ ni pé ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, katakátá náà ṣàdédé dúró. Babalọlá yẹ̀ ẹ́ wò lókè àti nísàlẹ̀, kò rí ohun tí ó ṣe é. Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn kan tí ó pè é lórúkọ, tí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀. Ìkejì-Arákejì ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí yunifásítì tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi fi orúkọ rẹ̀ sọ wà lónìí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohùn yẹn àti ẹ̀rọ tí ó kọ iṣẹ́ ni ó máa ń wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà. Ní báyìí tí èmi náà ti ń gba owó oṣù, tí mo sì mọ bí ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù ti ń gùn tó fún ẹni tí ó ní ọmọ nílé ìwé, iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ni mo máa ń ronú lé lórí. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ní ọdún 1928 kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ń wojú òjò. Owó rẹ̀ kò gbára lé ọ̀dá, kò sì gbára lé iye tí àwọn oníṣòwò òyìnbó bá dá lé kòkó. Ó lè san owó orí láìyáwó, ó lè fẹ́ ìyàwó, ó lè rán àbúrò lọ sí ilé ìwé, ó sì lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá wálé ọdún. Babalọlá kò kàwé jìnnà. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́ kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ PWD jẹ́ àtẹ̀gùn tí kò wọ́pọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, iye kòkó já wálẹ̀ kárí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó, ẹni tí ó bá sì ní owó oṣù lọ́wọ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò tún dì í mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí ni ó rí gbà dípò iṣẹ́ yìí? Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ohun kan gbà lójú ayé bí kò ṣe ẹ̀gàn. Ó padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì àti agogo ọwọ́, ó ń ké pe àwọn ènìyàn sí ìrònúpìwàdà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì rò pé orí ọmọ náà ti dàrú. Àwa tí a ń ka ìtàn náà láti ẹ̀yìn wá ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1930 ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀, tí èrò sì ń rọ́ wá láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń kó ère àti oògùn wọn wá fún sísun. A ti mọ orúkọ tí ó ní. Nítorí náà ó rọrùn fún wa láti wò ó bí ẹni tí ó fi iṣẹ́ kékeré pààrọ̀ òkìkí ńlá, bí ọlọ́jà tí ó ti mọ ọjà tí yóò lérè. Ṣùgbọ́n òun kò mọ Òkè-Oòyè ní ọjọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí katakátá. Kò mọ̀ pé òun yóò lókìkí, kò sì mọ̀ pé ní ọdún 1932 ìjọba yóò fi òun sẹ́wọ̀n ní Ìlú Bìní. Ẹni tí ó pè é nìkan ni ó mọ̀, Babalọlá sì ka mímọ̀ yẹn sí ohun tí ó tó.

Jésù pa òwe kan tí ó kúrú púpọ̀ nínú Mátíù orí 13, nípa ọkùnrin kan tí ó rí ìṣúra tí a fi pamọ́ sínú oko, tí ó bò ó mọ́lẹ̀ padà, tí ó sì lọ ta gbogbo ohun tí ó ní kí ó lè ra oko náà. Ohun tí mo ti ń kà kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé nítorí ayọ̀ ni ọkùnrin náà ṣe tà á. A máa ń wàásù òwe yìí bí ẹni pé ìpàdánù ni, bí ẹni pé ọkùnrin náà ń sunkún bí ó ti ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjà. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti rí ohun tí àwọn tí ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí. Bí a bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tí a sì bá a kẹ́dùn, ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún un. Èmi gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣúra ọ̀run, èyí tí Jésù sọ nínú Mátíù orí 6 pé kòkòrò kò lè jẹ, ti ń ṣòro fún wa nìyí: a fẹ́ fi tipátipá kọ ayé sílẹ̀ nígbà tí a kò tíì rí ohun tí ó sàn jù ú, ọwọ́ tí kò tíì di nǹkan mìíràn mú kì í sì í fẹ́ jọ̀wọ́ èyí tí ó ti dìmú.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìpè Babalọlá, irú rírí bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn líle ti ọdún 1918 ń pa ènìyàn kárí ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba ti ilé ìwé, ó ti ilé-ìjọsìn, kí àrùn má baà ràn. Àwọn díẹ̀ lára ọmọ ìjọ St. Saviour's ti Áńgílíkà kò dúró de ìgbà tí a ó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ń kóra jọ gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre wà láàárín wọn, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, Sophia Ọdúnlámì náà sì wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Òkúta Iyebíye. Ṣàdáre mọ bí a ti ń yọ́ wúrà, ó mọ èyí tí a lú pọ̀ mọ́ bàbà àti èyí tí kò ní àbùlà, ó sì mọ iye tí obìnrin lè san nítorí yẹtí kan tí yóò fi lọ síbi ìyàwó. Ọkùnrin tí ó ń fi ojoojúmọ́ díwọ̀n ohun tí ayé kà sí iyebíye jù lọ wá rí i pé àdúrà níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1922, àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lórí lílo oògùn mú kí ọ̀nà wọn àti ti ìjọ Áńgílíkà pínyà. Ṣàdáre kúrò nípò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ tí ń darí ìjọ Áńgílíkà. Iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọdúnlámì. Ẹni tí ó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì mọ bí wọ́n ti ń ka ipò nínú ìjọ sí nígbà náà, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni àwọn méjèèjì yìí fi ra òkúta wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé n kò bá wọn lọ nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kọ oògùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kuiníìnì, oògùn ibà, tí àwọn míṣọ́nnárì The Apostolic Church láti ilẹ̀ Bìrìtéènì ń lò wà lára ohun tí ó tú àárín àwọn míṣọ́nnárì náà àti àwọn ènìyàn Babalọlá ká. Lúùkù tí ó kọ ìwé Ìhìnrere jẹ́ oníṣègùn, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́ láìní kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi bá ní ibà, ilé ìwòsàn ni mo ń gbé e lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣọ́ra kí àìgbà mi yìí má baà di ohun tí yóò jẹ́ kí n fojú tín-ínrín ìyókù ohun tí wọ́n ní. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbàgbọ́ wọn fi ná wọn ní nǹkan. Ìgbàgbọ́ tèmi kò tíì ná mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọn ni wá, a sì ń jẹ ogún àdúrà wọn. Ohun tí ó ń dùn mí ni bí ohun tí a ń kà sí ìbùkún ti yí padà lẹ́nu wa. Bí o bá fẹ́ mọ ìṣúra ẹnìkan, má ṣe bi í léèrè ohun tí ó gbàgbọ́. Ní kí ó wá ka ohun tí Olúwa ṣe fún un. Ní ọjọ́ ìsinmi ìdúpẹ́, nígbà tí a bá ní kí àwọn tí ó ní ẹ̀rí jáde wá, gbogbo wa mọ ohun tí a ó gbọ́. Ẹnìkan ra mọ́tò. Ẹnìkan rí físà gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ fún un. Ẹnìkan ṣílé. Wọ́n gbé ẹnìkan ga lẹ́nu iṣẹ́ ju àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn pẹ̀lú ìdùnnú. Kò sí èyí tí kò yẹ kí a dúpẹ́ fún nínú wọn, nítorí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀bùn rere ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni a gbọ́ kẹ́yìn tí ẹnìkan jáde wá dúpẹ́ pé ìbínú òun ti rọlẹ̀? Ta ni ó dìde sọ pé òun kò purọ́ níbi iṣẹ́ ní gbogbo oṣù tí ó kọjá, kì í ṣe láti fi yangàn, bí kò ṣe nítorí pé ó mọ̀ pé agbára òun kọ́?

Mo rántí obìnrin kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, àgbà obìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Ó ní òun wá dúpẹ́ nítorí pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti ń kí ara wọn padà. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ni ó dá ìjà sílẹ̀, ìjà náà sì pẹ́. Ó ní òun ti jọ̀wọ́ ilé náà fún un, ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni òun sì bá wá. Ohun tí òun ń dúpẹ́ fún ni pé nígbà tí ìjọ bá ń gba Àdúrà Olúwa báyìí, òun lè gbà á já, òun kì í dákẹ́ mọ́ nígbà tí ó bá kan ibi tí a ti ń sọ pé bí àwa ti ń dárí ji àwọn tí ó ṣẹ̀ wá. Halelúyà tí ìjọ fi dáhùn kò dún rinlẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀lé e gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sókè, ìlù sì sọ. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ìlù yẹn, ọwọ́ èmi náà ṣì lókè. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀rí gbogbo tí mo ti gbọ́, èyí ni ó bá mi délé.

Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ti rí láàárín àwa Yorùbá ni yóò mọ iye ohun tí obìnrin yẹn ní lọ́wọ́. Bàbá kú, a sin ín tán, ìbéèrè dé: ṣé ìdí-igi ni a ó fi pín in, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Ẹjọ́ ti gbé àwọn ọmọ ìyá kan náà lọ sí kóòtù títí àwọn agbẹjọ́rò fi jẹ owó ilé náà tán. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó mú kí Jésù pa òwe ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù orí 12. Ọkùnrin kan ni ó jáde láàárín èrò tí ó ní kí Olùkọ́ bá òun sọ fún arákùnrin òun kí ó pín ogún fún òun. Jésù kọ̀ láti ṣe onídàájọ́ wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sọ nípa ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ so èso tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ibi tí yóò kó o sí. Ọlọ́rọ̀ náà kò jalè, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ṣe, òjò sì rọ̀. Bí ó bá wà nínú ìjọ wa lónìí, yóò jẹ́rìí, a ó sì bá a jó. Ibi tí ó ti ṣìnà ni ìgbà tí ó yíjú sí ọkàn ara rẹ̀ tí ó sì sọ fún un pé nítorí àká tí ó kún, kí ó sinmi, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa yọ̀. Ó fi àgbàdo ṣèlérí fún ohun tí kì í jẹ àgbàdo. Èsì tí ó gbà kúrú: “Ìwọ aṣiwèrè, lóru yìí ni a ó béèrè ẹ̀mí rẹ lọ́wọ́ rẹ.”

A kò dédé dé ibi tí a wà yìí, n kò sì fẹ́ bá ẹni tí ebi ń pa wí. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun ìgbà náà gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já, owó oṣù olùkọ́ àti ti nọ́ọ̀sì kò ká ohun tí ó wà lọ́jà mọ́, iléeṣẹ́ ń kógbá sílé. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ìwàásù ọrọ̀ àti ìlọsíwájú gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kò lè ṣe kó má gbilẹ̀. Ìjọba kò bìkítà, ilé ìwòsàn kò ní oògùn, ajẹfẹ̀yìntì ń tò lórí ìlà. Bí ẹnìkan bá wá dúró lórí pẹpẹ tí ó sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí ìwọ jẹ́ tálákà, ta ni kò ní ṣe àmín? Àwọn tí ó wá sí Òkè-Oòyè ní ọdún 1930 náà, ìwòsàn ni púpọ̀ nínú wọn wá fún, àti omi tí a gbàdúrà sí. Àwọn tí ó tẹ̀lé Jésù kọjá òkun lẹ́yìn tí ó ti bọ́ wọn, nítorí àkàrà ni, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú Jòhánù orí 6. Ó bọ́ wọn ná. Kò wàásù fún ikùn òfìfo kí ó sì lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n pe àkàrà náà ní Òun. Nígbà tí ó ní Òun ni àkàrà ìyè, púpọ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, kò sì fi àkàrà mìíràn dá wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nígbà tí ètò ìkówójọ bá dé: owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òótọ́ ni. Nígbà tí ọ̀nà kò tíì dára, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ kátíkíìsì ń gùn láti abúlé dé abúlé, ẹnìkan ni ó sì ra kẹ̀kẹ́ náà. Owó kòkó àti owó ìyá aláṣọ ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìjọsìn tí a ń jókòó sí. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè fẹ́ràn iṣẹ́ Olúwa kí ó sì máa kọ etí ikún sí àpótí ọrẹ. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí ìjọ bá rò pé láìsí kẹ̀kẹ́, kò sí ìhìnrere. Pétérù àti Jòhánù kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì tí à ń pè ní Dáradára, Pétérù sì sọ ọ́ fún arọ náà láìtijú pé, “Fàdákà àti wúrà èmi kò ní, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní, èyíinì ni mo fi fún ọ.” Ó mọ ohun tí ó ní. Mo máa ń bi ara mi pé bí a bá gba gbogbo ohun tí ó ṣeé tà kúrò lọ́wọ́ mi ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ni yóò kù tí mo lè nà sí aláìní tí ó bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi.

Èyí kò sọ òṣì di ìwà mímọ́. Tálákà lè sin owó ju ọlọ́rọ̀ lọ, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Lìdíà ń ta aṣọ elésèé àlùkò, ilé rẹ̀ sì ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ sí ní Fílípì. Jósẹ́fù ará Arimatíà ni ó ní ibojì tuntun tí a tẹ́ Olúwa sí. Àdúrà Ágúrì inú Òwe orí 30 ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí Ọlọ́run má fún òun ní òṣì, kí ó má sì fún òun ní ọrọ̀, kí òun má baà yó tán kí òun sẹ́ Olúwa, tàbí kí òun tòṣì kí òun sì jalè. Ó mọ ara rẹ̀, ó mọ ibi tí òun lè ṣubú sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Pọ́ọ̀lù náà kò ní kí Tímótì lé àwọn ọlọ́rọ̀ jáde. Ó ní kí ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gbéraga, kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀ tí kò dáni lójú, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ ọlọ́rọ̀ nínú iṣẹ́ rere, kí wọ́n múra láti pín fún ni.

Nígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni ọrọ̀ ẹ̀mí yìí gan-an, nítorí pé ó lè dà bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, bàbá mi ni mo máa ń sọ nípa rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma mú ìríran rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi lè kàwé mọ́. Ìwé ni ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ràn. Ó ní àpótí ìwé kan tí ó kún, ìwé ìtàn, ìwé orin, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ó dì ní okùn, ìyá mi a sì máa gbá eruku wọn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n mọ́. Kòkòrò wọ púpọ̀ nínú wọn. N kò ní purọ́ pé bàbá mi gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó bínú. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń dáhùn ìkíni láìyíjú, mo sì gbọ́ ọ ní òru kan tí ó ń bi Ọlọ́run léèrè, ohùn rẹ̀ le, pé kí ni òun ṣe.

Ohun tí ó gbé e dìde ni àwọn Sáàmù tí ó ti kọ́ sórí láti ìgbà èwe. Ìran tirẹ̀ ń kọ́ Bíbélì sórí gidigidi. Olùkọ́ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lọ sílé láìka àkọ́sórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ìkọkànlélọ́gọ́fà, ìkẹtàlélọ́gọ́rùn-ún, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí ó bá ti gbàgbé, yóò dúró, yóò padà sẹ́yìn, yóò wá ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi rí i. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n ń wá kí afọ́jú kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, wọ́n á bá ẹni tí ń bi wọ́n léèrè ọmọ wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gbàdúrà fún wọn pẹ̀lú Sáàmù tí ó bá ọ̀ràn wọn mu. Aládùúgbò wa kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá jókòó tì í lálaalẹ́. Èmi fúnra mi, tí ojú mi ń ríran, tí mo ní owó tí bàbá mi kò ní rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀, ni mo máa ń wakọ̀ wá láti Ìbàdàn nígbà tí ọkàn mi bá gbẹ, kí n lè gbọ́ ọ tí ó ń ka ohun tí ó ti tò jọ láti ọmọdé. Bí a bá kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó kú, ojú ìwé kan kò ní kún. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ọkùnrin ti òde wa bá ń parun, síbẹ̀ ọkùnrin ti inú wa ń di tuntun lójoojúmọ́. Mo ti rí méjèèjì lára ènìyàn kan ṣoṣo, nínú yàrá kan náà.

Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí fiyè sí i pé bàbá mi kò bẹ̀rẹ̀ ìtòjọ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Kì bá ti ṣeé ṣe. Àkókò tí ojú rẹ̀ dá ṣáká ni ó tò ó jọ, nígbà tí kò tíì nílò rẹ̀, tí ó dà bí iṣẹ́ ilé ìwé lásán. Nígbà tí Jésù ní kí a to ìṣúra jọ sí ọ̀run, ohun tí a ń ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń kó ti ayé náà jọ. A mọ bí a ti ń dá èsúsú. A mọ bí a ti ń ra ilẹ̀ sí ibi tí ìlú kò tíì dé, tí a ń sanwó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé a gbàgbọ́ pé ìlú ń bọ̀. Ẹni tí ó ní sùúrù yẹn fún ilẹ̀ kì í fẹ́ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún àdúrà, nígbà tí ó sì bá gbà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò rí nǹkan, yóò ní kò ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ, èmi àti ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní Sáàmù sórí, ní Yorùbá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kò rọrùn. Yorùbá inú Bíbélì le fún wọn, iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀, iná a sì máa lọ. Àkọ́bí bi mí pé kí ló dé tí òun kò fi lè máa wò ó lórí fóònù nígbàkigbà tí òun bá fẹ́, mo sì sọ ìtàn ojú bàbá àgbà rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́, títí kan ìbínú rẹ̀. Kò tún béèrè mọ́. Wọ́n ti mọ ìkẹtàlélógún àti ìkọkànlélọ́gọ́fà. Ìkẹtàlélọ́gọ́rùn-ún ni a wà báyìí, àkọ́bí ti dé ẹsẹ kẹrìnlá, “nítorí tí ó mọ ẹ̀dá wa, ó rántí pé erùpẹ̀ ni wá,” àbúrò rẹ̀ ṣì ń da ẹsẹ kẹta àti ìkẹrin pọ̀ mọ́ra. Bí a bá parí rẹ̀ kí ọdún tó tán, Mátíù orí 6 ni yóò tẹ̀lé e, láti ẹsẹ 19 lọ dé òpin.